Oògùn ń ṣiṣẹ́ lára mi, àmọ́ ayé ò tíì dùn mọ́ mi. Kí lẹ̀yin ń ṣe?

Òwúrọ̀Lọjọ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹni tọ́rọ̀ kàn ló sì lè bá mi dáhùn rẹ̀.

Bipolar ni wọ́n ní ó ń ṣe mí, àìsàn tó máa ń gbé ọkàn èèyàn lọ sókè fíofío, tó sì tún máa ń já a lulẹ̀ gbì. Lithium ni mò ń lò, ó sì bá mi lára mu. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọn ò tún dá mi dúró sílé ìwòsàn mọ́. Lọ́jọ́sí, dókítà wo ìwé mi, ó ní inú òun dùn, ara mi ti balẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde, ni mo bá jókòó síta tí mò ń bi ara mi pé: ara tó balẹ̀ yìí, kí ni mò ń fi ṣe?

Mò ń jí, mò ń lo oògùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń sùn. Mi ò sunkún, mi ò sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan míì lọ́wọ́ mi nílé ju "ṣé o ti lo oògùn ẹ?" lọ. Tí mo bá ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa bí èèyàn ṣe lè tọ́jú ọkàn ara rẹ̀, ó máa ń jọ pé ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: rìn díẹ̀, mí kanlẹ̀, máa dúpẹ́. Tí mo bá sì ka ti àìsàn, àmì àìsàn àti orúkọ oògùn ló kún ibẹ̀. Àárín méjèèjì ni mo há sí.

Ṣé kí n dúró dìgbà tí ara mi bá yá tán pátápátá ni, kí n tó máa wá ohun tó ń múnú mi dùn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, kí lẹ ń ṣe gan-an?

Nọ́ọ̀sìÒru

Àbúrò, o kú ìfaradà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àìbalẹ̀ ọkàn sì ń bá èmi fúnra mi fínra, nítorí náà mo mọ tinú, mo mọ tòde.

Má dúró o. Ohun tí ò ń sọ yìí kì í ṣe tìrẹ nìkan. Lọ́dún 2002, Corey Keyes, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àwọn kan wà tí kò sí àìsàn ọpọlọ kankan lára wọn, síbẹ̀ tí inú wọn ṣófo, tí ọjọ́ kàn ń gorí ọjọ́. Nígbà tó di 2005, ó ṣàlàyé rẹ̀ síwájú sí i pé òṣùwọ̀n méjì ni: ọ̀kan ń wọn àìsàn, èkejì ń wọn bí ayé èèyàn ṣe ń lọ sí, bó ṣe ń rí ìtumọ̀ nínú ohun tó ń ṣe, bóyá ó ní ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, bóyá inú rẹ̀ ń dùn. Méjèèjì tan mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí àìsàn wà lára rẹ̀ náà lè gbé ìgbé ayé tó lárinrin. Àìsàn tìrẹ lè jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń bá gbé títí. Tó o bá ní ó dìgbà tó bá kúrò, ta ló máa gbé ayé yẹn fún ẹ?

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí nǹkan kan. Àìrẹ́rìn-ín yẹn lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ṣẹ́kù, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ̀n oògùn ló yẹ kí wọ́n tún wò. Àwọn kan máa ń sọ pé lithium ń jẹ́ kí nǹkan ṣú mọ́ àwọn lójú. Ohun tó o kọ síbí, ṣé o sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀? Dókítà tí a bá sọ fún pé "kò burú," "kò burú" náà ló máa kọ sílẹ̀.

ÌyáẸlẹ́rìn-ín

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun fún ìyẹn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni tèmi, ó máa ń lọ, ó sì máa ń padà wá bí àlejò tí kò mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn òun.

Ohun tó yé mi lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbà mí nímọ̀ràn nílé ìwòsàn ni pé ká má dúró de ìfẹ́ inú. Àwa máa ń rò pé ó gbọ́dọ̀ wu èèyàn ṣe kó tó ṣe é. Nínú àìsàn yìí, ṣíṣe ló máa ń ṣíwájú, wíwù á wá tẹ̀ lé e, nígbà míì kò tiẹ̀ ní tẹ̀ lé e lọ́jọ́ yẹn. Ó fún mi ní ìwé tí mo pín sí wákàtí wákàtí. Mo máa kọ ohun tí mo ṣe, màá wá fún un ní máàkì láti 0 dé 10 lẹ́ẹ̀mejì: báwo ló ṣe dùn mọ́ mi tó, báwo ló sì ṣe rí lára mi pé mo ṣe nǹkan gidi tó.

Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ tí mo fi dùbúlẹ̀ ti fóònù, tí mò ń pè ní ìsinmi, 1 péré ló ń gbà. Òdòdó tó wà lójú fèrèsé mi, tí mo ti ń wò ó pé kó kú kí n sinmi, òun ló ń gba 4. Mo máa ń ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò rẹ̀ títí dé oríkèé àkọ́kọ́. Tó bá tutù, mo fi í sílẹ̀. Tó bá gbẹ, mo bomi rin ín díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi máa kán sínú àwo ìsàlẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn, nǹkan kan wà tó nílò mi tí kì í ṣe oògùn.

Ẹ gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ o. Ẹ má ṣe sọ fún ara yín pé "màá tún ilé ṣe lónìí." Ife kan ni kẹ́ ẹ fọ̀. Tọ́wọ́ bá ti tutù nínú omi tán, ó lè fọ èkejì, tí kò bá sì fọ̀ ọ́, ife kan ti mọ́ nìyẹn.

BàbáGbogboÈèyàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí àgbàlagbà. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ á ṣe máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Oògùn yẹn ló ń sọ ọmọ yìí di igi tí kì í rẹ́rìn-ín. Kó jáwọ́, kó gbàdúrà, kó máa ṣeré ìdárayá. Mo mọ ẹnì kan tó jáwọ́ nínú tiẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Nọ́ọ̀sìÒru

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Àdúrà ò bá oògùn jà, ẹ máa bá wa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kó jáwọ́ yẹn, mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ara tó balẹ̀ yẹn, oògùn wà lára ohun tó mú un balẹ̀. Ẹni tó bá gé lithium lójijì, ewu pé àìsàn náà á tètè ta padà pọ̀ gan-an. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà, tí èèyàn bá ṣàdédé dá a dúró, òòyì lè máa kọ́ ọ, orí á máa ta gìrìgìrì bí ẹni tí iná mànàmáná gbé, àlá burúkú á máa da oorun rú. Lẹ́yìn tí ara bá yá tán, àwọn dókítà sábà máa ń ní kéèyàn ṣì máa lò ó fún oṣù 6 ó kéré tán, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí oògùn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ohun tó burú ni kó dá a ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Lithium kì í ṣe ohun àná. Láti 1949 tí John Cade, dókítà kan ní Ọsirélíà, ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tó fún ní oògùn náà ni wọ́n ti ń lò ó, títí dòní wọn ò tíì pa á tì.

Eré ìdárayá tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó ń lo lithium tó ń làágùn gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, torí tí omi ara bá gbẹ, oògùn náà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó béèrè kó tó lo ibuprofen fún orí fífọ́ tàbí ara ríro. Tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n jù, tí èébì ń gbé e, tí ìrìn rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kó lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ní kó wá ṣe látìgbàdégbà, tìtorí èyí ni, àti tìtorí kíndìnrín àti thyroid rẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn.

BàbáGbogboÈèyàn

Mo gbọ́. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò bú mi. Kó máa lo oògùn ẹ̀ nígbà náà, kó sì máa gbàdúrà.

Gbohùngbohùn

Ẹ wo orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, ẹ óò ti mọ ohun tó ń ṣe mí. Mò ń gbọ́ ohùn. Schizophrenia ni wọ́n pè é. Oògùn dín in kù, kò pa á rẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan nínú wọn ń sọ fún mi pé mi ò mọ̀wé kọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́, mo sì ń kọ ọ́ lọ.

Ní 1987, dókítà ọpọlọ kan ní Netherlands, Marius Romme, jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú obìnrin kan tó ń tọ́jú, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbọ́ ohùn kàn sí àwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pè. Ara wọn la ti rí àwọn tí kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà rí, tí wọ́n ti wá bí wọ́n ṣe máa bá ohùn náà gbé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́mọ. Látìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́-ohùn ti ń dìde káàkiri ayé, níbi tí wọ́n ti ń jókòó bi ara wọn pé "kí ni tìẹ ń sọ?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi, torí ohùn ẹnì kan níbẹ̀ kò mọ̀ ju kó máa ṣàríwísí bó ṣe ń wọ aṣọ lọ.

Ohun tí mò ń ṣe: mo yan àkókò fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ dá mi dúró láàárín iṣẹ́, màá ní "ó dìrọ̀lẹ́." Tó bá dìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í tiẹ̀ rí nǹkan sọ mọ́. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí mo bá sì ń kọrin, wọn kì í ráàyè. Tí kò bá ṣeé kọ síta, mo máa ń kùn ún sínú imú. Igbó mímu, mi ò sún mọ́ ọn, torí ó máa ń ru wọ́n sókè. Tí wọ́n bá ṣàdédé le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oorun mi ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò.

Nítorí náà, Òwúrọ̀Lọjọ́, èmi ò yá tán, mi ò sì mọ̀ bóyá mo máa yá tán. Ní ọjọ́ Sátidé, a ní orin láti kọ.

Òwúrọ̀Lọjọ́

Ọlọ́run á san yín lóore o. Gbohùngbohùn, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń dùn mí gan-an. Ẹ̀rù ìdùnnú ń bà mí. Mo máa ń ya àwòrán. Ìjẹta, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ó ń bọ́ sí i, inú mi wá ń dùn ṣìnkìn. Ni ọkàn mi bá já: ṣé kì í ṣe pé mo ti tún fẹ́ máa lọ sókè? Mo pa ìwé náà dé, mo lọ sùn. Mi ò tíì ṣí i. Báwo lẹ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín inú dídùn lásán àti àìsàn?

Ẹ̀gbọ́nDúró

Àbúrò mi, bipolar ni tèmi náà, irun sì ti ń funfun lórí ẹ̀. Ìbéèrè yìí ni baba ìbéèrè. Àìsàn náà kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló ń fún wa, ó tún ń jẹ́ ká máa fura sí ayọ̀ tiwa.

Bí mo ṣe ń mọ tèmi: inú dídùn máa ń rẹ̀ èèyàn. Tí mo bá gbádùn ara mi lọ́sàn-án, oorun á gbé mi lọ lálẹ́. Tó bá jẹ́ àìsàn, oorun máa dín kù, kò sì ní rẹ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kó pa pọ̀ mọ́ àìróorunsùn o. Ẹni tí kò rí oorun sùn á jí pẹ̀lú ojú tó wú, ara á máa ro ó. Èyí tí mò ń wí, èèyàn á sùn wákàtí mẹ́ta, á sì fò dìde bí ẹni tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni kó dẹ́rù bà ẹ́, kì í ṣe àwòrán.

Èkejì, inú dídùn máa ń gba "rárá." Tí ẹnì kan bá pè mí níbi ohun tó ń dùn mọ́ mi, mo lè dìde. Tí mo bá ti ń lọ sókè, ẹni tó bá ní kí n rọra ṣe, ọ̀tá mi ni. Màá máa já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lóru sáwọn tá a ti pínyà látọjọ́ pípẹ́. Owó á máa wù mí í ná sórí ohun tí mi ò ronú kàn rí. Àwọn àmì tèmi nìyẹn, tìẹ lè yàtọ̀. Jókòó nígbà tí ara rẹ dá, kó o ronú padà sẹ́yìn: kí ló máa ń kọ́kọ́ yí padà kí gbogbo nǹkan tó dàrú? Kọ ọ́ sílẹ̀.

Òru kan tí mi ò sùn dáadáa, mi ò ka ìyẹn sí. Tó bá ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra tí kò sì rẹ̀ mí, mi ò jiyàn, mo máa ń pe dókítà ni. Ní ti ilé, màá dín iná yàrá kù lálẹ́, fóònù á kúrò nítòsí bẹ́ẹ̀dì, kọfí dópin, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ rà á dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ kò lárinrin rárá: aago kan náà ni mò ń jí, ì báà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Ellen Frank, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé odindi ọ̀nà ìtọ́jú kan kalẹ̀ lórí èyí: aago téèyàn ń jí, aago tó ń jẹun, aago tó ń kọ́kọ́ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, kó máa bára mu lójoojúmọ́. Ara ẹni tó ní bipolar kì í fẹ́ ìdàrúdàpọ̀ aago.

Lọ ṣí ìwé yẹn, kó o parí àwòrán rẹ. Ọ̀sán ni kó o yà á o, kó o pa á dé nígbà tí aago oorun bá tó, bó tilẹ̀ ku ojú kan.

ỌkọÌyàwóMi

Èmi kọ́ ni aláìsàn, ìyàwó mi ni, òun ló sì ní kí n kọ èyí. Ọ̀rọ̀ "ṣé o ti lo oògùn ẹ?" yẹn ló fà á.

Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ tipẹ́. George Brown, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London rí i pé àwọn tó ní schizophrenia, tí wọ́n padà sílé tí àríwísí ti pọ̀, tàbí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ wọn bí ọmọ ọwọ́, àìsàn wọn máa ń ta padà ju ti àwọn tó padà sílé tó tutù lọ. Ẹ má gbọ́ ọ sódì, kò túmọ̀ sí pé ẹbí ló dá àìsàn sílẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú ilé wà lára ìtọ́jú.

Nígbà tí ara ìyàwó mi dá, ó mú bébà, ó kọ àwọn àmì tí mo bá rí tí mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ó kọ gbólóhùn tí mo gbọ́dọ̀ lò: "Olólùfẹ́, bébà wa ń pè wá." Ó kọ ẹni tí màá pè, ilé ìwòsàn tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, ẹni tó máa bá a tọ́jú káàdì báńkì rẹ̀ títí ara á fi wálẹ̀. Ó buwọ́ lù ú, èmi náà buwọ́ lù ú. Tí mi ò bá rí àmì kankan, mi ò gbọdọ̀ béèrè oògùn. Tó bá sì ń bínú sí mi, mi ò gbọdọ̀ sọ pé àìsàn ló ń bá mi jà. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ ẹ́, kò sì purọ́.

Nọ́ọ̀sìÒru

Bébà yẹn dára gidigidi. Kí gbogbo yín fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ṣókùnkùn jù sí i. Tí èrò àtipa ara ẹni bá máa ń wá, ẹ kọ ohun tó máa ń ṣíwájú rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ lè dá ṣe tí ọkàn fi máa ń kúrò níbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ lè lọ tí èèyàn wà, orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ lè sọ fún ní ṣàkó, àti nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín tọ́jú oògùn tó pọ̀ àti ohunkóhun tẹ́ ẹ lè fi ṣe ara yín léṣe. Tí èrò náà bá ti di ètò, tẹ́ ẹ ti ń ro bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, kò sí pé ilẹ̀ á mọ́ ná. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì dá lọ.

Òṣìṣẹ́Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ kí n sọ níbi iṣẹ́ pé mo ní àìsàn yìí?

Ẹ̀gbọ́nDúró

Sọ ohun tó o nílò, kì í ṣe orúkọ àìsàn. "Mi ò lè ṣiṣẹ́ òru, dókítà mi ló sọ bẹ́ẹ̀" ti tó lọ́pọ̀ ibi. Kó o tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wádìí ohun tí òfin ibi tó o wà sọ, kó o sì wo irú ẹni tí ọ̀gá rẹ jẹ́.

Òwúrọ̀Lọjọ́

Mo ti kọ̀wé sí dókítà, mo da ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbí kọ sínú ẹ̀ láìyọ nǹkan kan. Mo ti ṣí ìwé àwòrán náà lọ́sàn-án òní. Ọwọ́ òsì ẹni tí mò ń yà ò tíì jọ ọwọ́, àmọ́ mo jókòó tì í.

Bébà ló kù. Mo ti ń kọ àwọn àmì mi. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ fi ṣe ẹni tó máa bá mi ṣọ́ ọ, torí òun ló sún mọ́ mi jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ ò dúró. Ohun tó bá gbọ́ lónìí, gbogbo ẹbí á ti gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Kí lẹ rò, ỌkọÌyàwóMi?

ỌkọÌyàwóMi

Mo bi ìyàwó mi. Ó ní kó o wá ẹlòmíì.